Àgbọ̀nrín Tó Kàn Ọ́ Lọ́dún Yìí

                                        Oko El Ebanito,
                                        Àpótí Ìfìwéránṣẹ́ 47,
                                        Hebbronville, Texas.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, Oṣù Kejìlá, 2003.

Herlinda mi, ìbátan tó ju ọ̀rẹ́ lọ,

Ṣé dáadáa lo wà? Orúnkún rẹ ńkọ́, ṣé òtútù San Antonio kò tíì tún bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jà? Marisela ńkọ́, ṣé ó ti bí ìkókó rẹ̀, àbí dókítà ṣì ń sún ọjọ́ síwájú? Ẹ kú ìmúra ọdún o. Mo sì tún kí ọ kú ìfẹ̀yìntì, nítorí ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nídìí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kì í ṣe eré ọmọdé. Ẹni tó bá dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lórí ẹsẹ̀ méjì, ó yẹ kó rí àga jókòó sí. Àwa níbí wà láàyè. Òjò oṣù Kẹsàn-án ṣe wá lóore, koríko ga dé orúnkún, àwọn màlúù sanra, èmi náà sì sanra díẹ̀ mọ́ wọn.

Mo ti kí ọ tán. Jọ̀ọ́, wá ibì kan jókòó kí o tó ka èyí tó kù.

Má tíì di ẹrù. Má sì tíì nu ìbọn bàbá yín. Àgbọ̀nrín tó kàn ọ́ lọ́dún yìí, wọ́n ti pa á. Baldemar, àbúrò rẹ, ọmọ ìyá rẹ, ló mú ọ̀gá rẹ̀ wá láti Houston, ó gbé e gorí ibùba bàbá yín, ọkùnrin náà sì yìnbọn pa Etí-Yíya, akọ kékeré wa. Inú ń bí mi débi pé ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti kọ ìlà díẹ̀ yìí. Mo ju àwọn ti àkọ́kọ́ sínú iná. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbé fóònù láti pè ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì sọ ọ́ kalẹ̀, torí mo mọ̀ pé igbe ni n ó fi bẹ̀rẹ̀, igbe náà ni n ó sì fi parí rẹ̀.

O mọ òfin wa jù mí lọ, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n tún un sọ, kí n lè bínú dáadáa. Ilé márùn-ún ló ni ilẹ̀ yìí, a kò sì pín in rí láti ayé ìyá wa àgbà. Ilé kọ̀ọ̀kan ní akọ àgbọ̀nrín kan lọ́dún àti abo méjì. Akọ tí kò bá tíì pé ọdún márùn-ún, a kì í yìnbọn sí i, bó ti wù kí ìwo rẹ̀ fẹ̀ tó. Àlejò lè jẹ ẹran wa, ó lè mu kọfí wa, ṣùgbọ́n kò lè pa akọ wa. Ta ni kò mọ ibi tí òfin yìí ti wá? Ìwọ àti èmi ti tó ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún nígbà ọ̀dá òjò ọjọ́sí, tí àwọn bàbá wa ń pa gbogbo ohun tó bá ti ní ìrù, tí a sì wá lo ọdún mẹ́rin gbáko láìrí ẹsẹ̀ àgbọ̀nrín kan nínú iyanrìn. Ojú rí nǹkan nígbà yẹn. Ohun tó lé wọn jókòó sábẹ́ igi ẹbánò nìyẹn tí wọ́n fi kọ òfin sínú ìwé.

Nínú ilé tiyín, ọdún kan ti Baldemar, ọdún kejì tìrẹ. Ọdún méjìlá ló ti ń pa tìrẹ mọ́ tirẹ̀, láti ìgbà tí bàbá yín ti kú, o sì ní kò burú, iṣẹ́ kò jẹ́ kí o wá. Kò sí ẹni tó ráhùn. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, o kọ lẹ́tà sí mi nínú oṣù Kẹjọ. Ó wà níwájú mi báyìí. O ní ìwọ yóò jókòó síbi tí bàbá yín máa ń jókòó, wàá yin ìbọn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lẹ́yìn náà ni wàá wá gbà láti di arúgbó. Mo ka ibẹ̀ sí Baldemar létí nígbà tí a jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n Otilia, kò sí wàhálà kankan, ti Herlinda ni ti ọdún yìí.” Ẹnu rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Èmi àti Zulema ìbátan wa la jọ gbọ́ ọ.

Mo ti ń ṣọ́ ọ̀kan fún ọ láti ìgbà náà. Arúgbó ni mò ń pè é. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, ikùn rẹ̀ ti sọ̀, yóò tó ọdún méje, kì í sì í yé wá mu omi ní adágún ní ìrọ̀lẹ́. Òun lo máa pa.

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù tó kọjá, mo ń yan tọtíyà lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ ìró ìbọn kan ṣoṣo láti apá ìwọ̀-oòrùn. Mo rò pé Leandro ló ń wá abo fún ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ara mi kò balẹ̀, mo pa iná, mo wọ pikọ́ọ̀pù, mo sì lọ. Ọkọ̀ Baldemar ni mo pàdé lójú géètì tó ń sáré jáde. Kò dúró. Ó kàn gbé ọwọ́ sókè sí mi bí ẹni tó ń lọ síbi ìsìnkú. Ọkùnrin funfun kan jókòó tì í, aṣọ ọdẹ tó wọ̀ tuntun débi pé ojú ìlà tí wọ́n fi ká a nínú páálí ṣì hàn. Nígbà tí mo dé ìdí ibùba bàbá yín, mo bá ẹ̀jẹ̀ nínú iyanrìn, mo bá ipa ibi tí wọ́n ti wọ́ ẹran, àwọn igún sì ti jókòó ti ìfun. Fìlà kan há sára ọrọ́, àmì ilé ìtajà ṣì wà lára rẹ̀. Ọ̀gá náà kò lè yọ fìlà rẹ̀ kúrò lára ẹ̀gún, ó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ó lọ. Ọdẹ nìyẹn!

Mo mọ̀ pé wọ́n ti pa akọ. Èwo ni, mi ò tíì mọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà títí di òní, n kò tíì rí Etí-Yíya mọ́. Ṣé o rántí rẹ̀? Ìwọ lo sọ ọ́ lórúkọ, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 2000, tó jẹ́ ọmọ ọwọ́ tí wáyà ẹlẹ́gùn-ún ya létí níwájú wa. Ọmọ ọdún mẹ́ta péré ni. Ìwo rẹ̀ ti fẹ̀ kọjá etí méjèèjì, òótọ́ ni, ẹni tí kò mọ ẹran á rò pé ọba ni. Ẹni tó mọ ẹran á wo ọrùn tó tín-ín-rín yẹn àti ikùn tó tẹ́ pẹrẹsẹ, á sì ní, jẹ́ kó máa lọ, ó di ọdún méjì sí i. Àwa ti jẹ́ kó máa lọ.

Ní Mọ́ńdè, Baldemar wá bá mi ní abà pẹ̀lú àpò bébà lọ́wọ́. O mọ àṣà ibẹ̀: ẹni tó bá pa akọ gbọ́dọ̀ gbé párì ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ wá, kí a wo bí eyín rẹ̀ ti jẹ tó, kí a fi mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni n ó fi ìṣó gbígbóná lu ihò sí i, n ó kọ orúkọ àti ọdún sí i, n ó sì so ó kọ́ sórí wáyà ilé rẹ̀ mọ́ àwọn yòókù. Iṣẹ́ bàbá mi ni tẹ́lẹ̀, ó ti di tèmi báyìí. Baldemar gbé párì lé orí tábìlì.

“Ọdún méje ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹ wo eyín rẹ̀, ó ti jẹ tán pátápátá.”

“Orí rẹ̀ dà?”

“Ọ̀gá mi ti gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó máa bá a ṣe é kọ́ sára ògiri.”

“Ọ̀gá rẹ? Nínú ilé márùn-ún yìí, ilé wo ni ọ̀gá rẹ ti wá?”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká fa ọ̀rọ̀ yìí gùn. Ọkùnrin yẹn ló ni iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹun. Àgbọ̀nrín kan ṣoṣo ló tọrọ.”

“Ti Herlinda ni.”

“Herlinda ò ní wá, ẹ̀gbọ́n. Ọdún méjìlá ló ti ń sọ pé òun ń bọ̀.”

Ibi tó ti dùn mí jù nìyẹn, Herlinda. Ẹni tí o fi tìrẹ ta lọ́rẹ fún ọdún méjìlá ló ń fi ọdún méjìlá náà bú ọ. Mo ní kó fi párì sílẹ̀ kó máa lọ.

Nígbà tó lọ tán, mo wo eegun náà dáadáa. Ó gbẹ bí ẹfun. Mo ti bi í léèrè, ó ní òun sè é ni. Àbí èmi kò tíì se eegun rí ni? Láti ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń se orí màlúù fún oúnjẹ bàbákóà ọjọ́ Sọ́ńdè. Eegun tí a sè lánàá kì í rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rá á ṣì máa yọ lára rẹ̀. Mo gbé omi kaná, mo jù ú sí i. Kò pẹ́ tí nǹkan funfun kan bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, omi sì ń hó bí omi ìfọṣọ. Ọṣẹ ni. Ó fi ọṣẹ dí ihò. Ihò tí ìṣó gbígbóná lù, etí rẹ̀ ṣì dúdú.

Mo rìn lọ sídìí wáyà ilé yín. Àlàfo kan wà láàárín ti ọdún 1990 àti ti 1992, kò fẹ̀ ju ìka kan lọ, wáyà ibẹ̀ sì mọ́ ju ibi yòókù lọ. Mo ṣí ìwé. Ọwọ́ bàbá mi ló kọ ọ́ síbẹ̀: Eusebio, 1991, ọdún méje, eyín ẹ̀yìn kan fọ́ lápá òsì. Mo ki ìka bọ inú párì náà. Eyín ẹ̀yìn kan fọ́ lápá òsì.

Àgbọ̀nrín tí bàbá yín pa gbẹ̀yìn ni, Herlinda. Èyí tó pa nínú oṣù Kejìlá, tí òun fúnra rẹ̀ kò sì rí Ọdún Àjíǹde tó tẹ̀ lé e. Baldemar wọ inú abà, ó na ọwọ́ sí èyí tí eyín rẹ̀ jẹ jù, ó jí i, ó fi ọ̀bẹ ha orúkọ bàbá rẹ̀ kúrò lára rẹ̀, kó lè fi ti irọ́ lẹ́yìn nítorí ọ̀gá tó ń ta ẹ̀rọ amúlétutù. Mo jókòó lórí àpò àgbàdo, mo sunkún, kì í sì í ṣe torí àgbọ̀nrín. Samsoni fi párì ẹ̀rẹ̀kẹ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ pa àwọn ọ̀tá rẹ̀. Àbúrò rẹ fẹ́ fi ti àgbọ̀nrín pa àwọn ẹbí tirẹ̀.

Mo ránṣẹ́ sí gbogbo ilé. Ní Sọ́ńdè tó kọjá yìí, lẹ́yìn ìsìn, a pàdé lábẹ́ igi ẹbánò. Tíò Nicanor wá, àbúrò àwọn bàbá wa kan ṣoṣo tó kù, ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún, wọ́n sì kọ̀ kí ẹnikẹ́ni di àwọn lọ́wọ́ mú. Zulema gbé tamáàlì gbígbóná wá, kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́. Leandro kò tilẹ̀ jókòó. O mọ̀ pé ó ti pẹ́ tó ti ń fi pínpín ilẹ̀ halẹ̀ mọ́ wa.

Ó ní, “Mo ti rí lọ́yà. Ẹ bá a wí bí ìwé ṣe wí, tàbí kí ẹ gé tèmi fún mi lónìí. Wáyà tó ga ju ènìyàn méjì lọ ni n ó fi yí i ká. Kí olúkúlùkù máa pa ọmọ àgbọ̀nrín tirẹ̀ nínú ọgbà tirẹ̀.”

Ọ̀dọ̀ Leandro sì ni adágún máa bọ́ sí bí a bá gé ilẹ̀ yìí, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Bí ó bá fi wáyà yí omi ká, àgbọ̀nrín ilé mẹ́rin yòókù á lọ kú sẹ́nu ọgbà rẹ̀. Tí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani; ẹ̀rù Leandro kọ́ ló bà mí, Baldemar tó fi ọ̀bẹ lé e lọ́wọ́ ni mò ń bínú sí.

Baldemar dúró lórí irọ́ rẹ̀. Ó ní ọdún méje ni ẹran náà, pé ẹ̀gbọ́n Otilia ló kórìíra òun, pé obìnrin ò mọ eyín. Mo gbé párì náà fún Tíò Nicanor. Tíò yí i síwájú, wọ́n yí i sẹ́yìn, wọ́n nà án sí Baldemar.

“Ojú mi ò ríran mọ́, ọmọ mi. Gbé e sínú oòrùn. Ka ohun tó wà nínú rẹ̀ fún wa.”

“Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, Tíò.”

“Tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí oòrùn fi ẹ̀gbẹ́ kàn án. Ọ̀bẹ lo fi ha tàdáwà, o ò lè ha ibi tí kálámù ti wọlé.”

Ó tẹ̀ ẹ́. Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, “E… u…” kò sì lè sọ èyí tó kù. Ọkùnrin ọdún méjìdínlọ́gọ́ta di párì náà mọ́ àyà.

“Mi ò mọ̀ pé ti Bàbá ni. Mi ò kà á kí n tó ha á. Mo fi Wúndíá Guadalupe búra, Tíò, mi ò mọ̀ pé ti Bàbá ni.”

Tíò Nicanor wò ó. Wọ́n ní, “Ti bàbá ta ni ì bá tẹ́ ọ lọ́rùn?”

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Ti Baldemar kò tilẹ̀ lọ jìnnà, ọjọ́ mẹ́fà ló rìn. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, títí kan Etí-Yíya. Tíò Nicanor na ọwọ́, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ géètì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ká ní ó parí síbẹ̀, ǹ bá ti pè ọ́ lórí fóònù, ká jọ bú u, kí ọkàn wa sì rọ̀. Ṣùgbọ́n Leandro ní ká ka ìwé. Mo ṣí i, mo kà á. Ilé tó bá pa akọ kékeré tàbí tó jẹ́ kí àlejò pa akọ, ilé náà kò ní yìnbọn fún ọdún mẹ́ta. Ilé ni wọ́n kọ. Wọn ò kọ ẹni. Zulema fò dìde. Ó ní, “Kí ni Herlinda ṣe? Ẹni tí wọ́n jà lólè la tún máa nà? Ẹ fi ìyà jẹ Baldemar nìkan!” Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí lára, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́ fún un. Ìgbà náà ni mo wá wo ọwọ́ tó kọ ìlà náà. Bàbá yín ló kọ ọ́. Tíò Nicanor rántí ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́. Wọ́n ní àwọn yòókù fẹ́ kó jẹ́ ẹni tó ṣẹ̀, Eusebio ló kọ̀. Ó ní bí ẹ bá fi ìyà jẹ ẹni, á fi orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìnbọn. Ẹ fi ìyà jẹ ilé, kí ilé lè máa ṣọ́ ara rẹ̀.

Àwa ilé mẹ́rin yòókù dìbò. Leandro ní kí òfin dúró. Zulema ní rárá. Tíò Nicanor pa ojú dé, wọ́n ní kó dúró. Ó ku èmi. Bí mo bá kọ̀, ó di méjì sí méjì, òfin ti ṣubú, Leandro á sì wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ lọ́yà. Mo ronú kan ọ́. Mo ronú kan lẹ́tà oṣù Kẹjọ. Mo na ọwọ́ mi sókè.

Èmi ni, Herlinda. Mi ò fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ìbọn kò ní padà sí ilé yín títí di ọdún 2007, ìwọ àti èmi yóò ti pé àádọ́rin. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé pé tìrẹ ni akọ ọdún náà, gbogbo wọn fọwọ́ sí i, Baldemar náà fọwọ́ sí i. Arúgbó kò ní dúró dè ọ́. Ó tún wá mu omi ní ìrọ̀lẹ́ àná, ó dúró pẹ́, ó sì ń wò mí bí ẹni tó mọ̀ pé kò sí ohun tí mo lè ṣe fún òun. Lọ́dún tó ń bọ̀, èmi ló kàn nílé tiwa. N kò ní pa á.

Bínú sí mi. O lẹ́tọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n wá bínú níbí, nínú ilé ìdáná mi, níbi tí mo ti lè gbé kọfí síwájú rẹ kí o lè rí nǹkan dà nù. Párì àgbọ̀nrín bàbá yín wà lórí tábìlì mi, mo fi aṣọ funfun wé e. Baldemar bẹ̀ mí kí n jẹ́ kí òun so ó padà, mo ní ó di orí òkú mi. Leandro ní kí n tètè so ó, kí n dí àlàfo yẹn. N kò ní dí i. Ọwọ́ rẹ ni yóò so ó, bí ó tilẹ̀ di ọdún wo.

Bá mi kí Marisela, kí o sì fọwọ́ kan ikùn rẹ̀ fún mi. Zulema ní òun ń gbàdúrà fún orúnkún rẹ. Tíò Nicanor ní kí n sọ fún ọ pé bàbá rẹ ì bá ti na ọwọ́ sókè ṣáájú gbogbo wa. Mo ní kí wọ́n má rán mi ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní kí n jẹ́ ẹ.

Ọwọ́ kan náà tí mo fi dìbò ni mo fi kọ lẹ́tà yìí.

Tìrẹ ṣì ni mí, bí o bá ṣì ń fẹ́ mi,
Otilia.